Ẹ̀jẹ̀ Tó Wà Nínú Agbọ̀n Kò Sinmi

Ìbéèrè kan náà ni àwọn ọ̀gá ilé ìwòsàn máa ń bi àwa òṣìṣẹ́ láàbù: "Ẹ̀rọ wo ni ká rà tí èsì á fi máa tètè jáde?" Ìwé iye owó ẹ̀rọ náà á ti wà lọ́wọ́ wọn kí wọ́n tó béèrè. Ẹ̀rọ tó wà nílẹ̀ lè ṣe àyẹ̀wò 200 ní wákàtí kan, ohun tí à ń gbé wá fún un kò tó bẹ́ẹ̀, síbẹ̀ tuntun ni wọ́n fẹ́. Wọ́n fi ètè sílẹ̀, wọ́n ń pa làpálàpá. Ọ̀pọ̀ àyẹ̀wò kẹ́míkà inú ẹ̀jẹ̀ kì í lò ju nǹkan bí ìṣẹ́jú 10 lọ nínú ẹ̀rọ. Bí dókítà bá wá fi wákàtí mẹ́ta retí èsì, ẹ má wo ojú ẹ̀rọ. Ẹ wo ibi tí ẹ̀jẹ̀ ti ń jókòó.

Ọ̀nà iṣẹ́ tí à ń pè ní Lean, èyí tó ń lé ìfiṣòfò kúrò nínú iṣẹ́, wá láti iléeṣẹ́ ọkọ̀ Toyota ní Jàpáàn, níbi tí Taiichi Ohno àti àwọn ẹlẹgbẹ́ rẹ̀ ti tún iṣẹ́ tò lẹ́yìn Ogun Àgbáyé Kejì. Méje ni ọ̀nà ìfiṣòfò tí Ohno kà: ṣíṣe ju ohun tí wọ́n béèrè lọ, ìdúró, gbígbé nǹkan kiri, àṣekún tí kò ṣe ẹnikẹ́ni láǹfààní, ẹrù tó kún ilé, ìrìn asán, àti iṣẹ́ tó bàjẹ́ tí a ní láti tún ṣe. Gbogbo wọn ló wà ní láàbù. Ìdúró ni tèmi, nítorí pé irin ọkọ̀ tó bá dúró di ọ̀la, irin náà ni. Ẹ̀jẹ̀ tó bá dúró di ọ̀la ti di nǹkan mìíràn.

Ẹ mú túùbù 20 lọ́jọ́ kan, kí ẹ tẹ̀ lé wọn. Ẹ kọ aago sílẹ̀ nígbà tí abẹ́rẹ́ wọ apá aláìsàn, nígbà tí ẹ̀jẹ̀ kúrò ní wọ́ọ̀dù, nígbà tó dé ojú fèrèsé láàbù, nígbà tí wọ́n tẹ orúkọ rẹ̀ sínú kọ̀ǹpútà, nígbà tó wọ sẹ́ńtífíjì, ìyẹn ẹ̀rọ tó ń yí túùbù bí òòyì kí omi ẹ̀jẹ̀ lè yà kúrò lára sẹ́ẹ̀lì, nígbà tó wọ ẹ̀rọ àyẹ̀wò, nígbà tí èsì jáde, àti nígbà tí ẹni tó lẹ́tọ̀ọ́ fọwọ́ sí i. Ẹ má gbára lé aago tó wà lórí fọ́ọ̀mù. Nọ́ọ̀sì tí iṣẹ́ wọ̀ lọ́rùn máa ń kọ ọ́ nígbà tó bá rántí. Lẹ́yìn náà, ẹ fa ìlà pupa sábẹ́ gbogbo ìṣẹ́jú tí ọwọ́ èèyàn tàbí ẹ̀rọ kò kan túùbù náà. Ìlà pupa ló máa gba ojú ìwé.

Iwájú sẹ́ńtífíjì ló sábà máa ń pọ̀ sí jù. Ìgbàgbọ́ kan ti fìdí múlẹ̀ pé sẹ́ńtífíjì gbọ́dọ̀ kún kó tó yí. Ẹ jẹ́ ká ṣírò rẹ̀. Iṣẹ́ wákàtí mẹ́jọ jẹ́ ìṣẹ́jú 480. Ẹ yọ 60 fún oúnjẹ àti ìtọ́jú ẹ̀rọ, ó ku 420. Bí túùbù 140 bá ń wọlé láàárín àkókò yẹn, ọ̀kan ń wọlé ní ìṣẹ́jú mẹ́ta mẹ́ta, ìwọ̀n yìí ló sì yẹ kí gbogbo láàbù máa bá rìn. Bí sẹ́ńtífíjì yín bá gba 24, tí ẹ sì ní ó dìgbà tó bá kún, túùbù àkọ́kọ́ á ti dúró fún ìṣẹ́jú 69 kí ìkẹrìnlélógún tó dé. Ẹ̀yìn ìyẹn ni yóò tó fi ìṣẹ́jú 10 yí. Nígbà náà ni gbogbo 24 á ya lu ẹ̀rọ àyẹ̀wò lẹ́ẹ̀kan náà, èyí tó wà lẹ́yìn á tún máa retí àwọn tó ṣáájú rẹ̀. Ẹ̀rọ tí kò ti rí iṣẹ́ ṣe láti wákàtí kan ni wọ́n á wá máa bú pé kò yára.

Bí ẹ bá ń yí i ní mẹ́rin mẹ́rin, ìṣẹ́jú mẹ́sàn-án ni àkọ́kọ́ fi dúró. Bí túùbù kan bá ṣẹ́kù láìní ìkejì, ẹ bu omi sínú òfìfo túùbù irú rẹ̀ títí tí ìwọ̀n wọn á fi dọ́gba, kí ẹ gbé e sí ihò tó dojú kọ ọ́ gan-an. Sẹ́ńtífíjì kékeré kejì tó wà fún ẹ̀jẹ̀ pàjáwìrì nìkan kò tó nǹkan kan lára owó ẹ̀rọ àyẹ̀wò tuntun. Ìdúró kan ṣoṣo ni mo fọwọ́ sí: ẹ̀jẹ̀ tí a fẹ́ kó dì gbọ́dọ̀ lo nǹkan bí ìṣẹ́jú 30 lóòró kó tó yí. Ẹni tó bá gé e kúrú á rí okùn ẹ̀jẹ̀ tín-ín-rín bíi fọ́nrán òwú, òun ló ń dí abẹ́rẹ́ ẹ̀rọ pa. Bí ẹ kò bá fẹ́ dúró rárá, túùbù ọlọ́mọrí ewé tó ní lithium heparin, oògùn tí kì í jẹ́ kí ẹ̀jẹ̀ dì, ni kí ẹ lò, kò sí ohun tó ní kí ẹ máà yí i lójú ẹsẹ̀.

Wọ́ọ̀dù náà ní ẹ̀bi tirẹ̀. Tí wọ́n bá ń fa ẹ̀jẹ̀ láti aago mẹ́fà àárọ̀, tí ẹni tó ń kó o sì ń wá lẹ́ẹ̀kan ṣoṣo ní aago mẹ́wàá, òṣìṣẹ́ láàbù á jókòó títí ọwọ́ á fi dilẹ̀, lẹ́yìn náà 60 á dé bí òjò. Ẹ jẹ́ kó máa yípo ní ọgbọ̀n ìṣẹ́jú sí ara wọn, ìbáà jẹ́ túùbù mẹ́ta péré ló bá.

Ibi tí ọ̀rọ̀ yìí ti ń pa èèyàn nìyí. Sẹ́ẹ̀lì tó wà nínú túùbù kò tíì kú. Ó ń jẹun. Nínú ooru yàrá lásán, ó ń jẹ nǹkan bí ìdá márùn-ún sí méje nínú ọgọ́rùn-ún ṣúgà inú ẹ̀jẹ̀ ní wákàtí kọ̀ọ̀kan títí ẹ ó fi yà á kúrò lára omi ẹ̀jẹ̀. Ẹni tí ìtọ̀ ṣúgà ń bá jà lè gba èsì tó dára nítorí pé túùbù rẹ̀ sun orí tábìlì.

Potásíọ́mù, èròjà inú ẹ̀jẹ̀ tí ìlù ọkàn gbára lé, ló burú jù. Èyí tó wà nínú sẹ́ẹ̀lì pupa ju ti omi ẹ̀jẹ̀ lọ ní ìlọ́po 20 àti jù bẹ́ẹ̀ lọ. Ohun kan wà lára sẹ́ẹ̀lì tó ń fa potásíọ́mù padà sínú bó ti ń yọ́ jáde, òtútù ló sì ń dá ohun náà dúró. Ẹ wá wo ohun tí wọ́n ń ṣe: bí ẹni tó ń kó ẹ̀jẹ̀ bá pẹ́, wọ́n á gbé túùbù tí a kò tíì yí sínú fíríìjì "kó má bàa bàjẹ́." Inú fíríìjì gan-an ló ti ń bàjẹ́! Láàbù á kọ 6.9. Ara aláìsàn náà, 3.6 ló wà níbẹ̀. Dókítà á sáré fún un ní ínsúlínì àti ṣúgà láti lé potásíọ́mù tí kò pọ̀ wọ inú sẹ́ẹ̀lì, ìwọ̀n tòótọ́ á já wálẹ̀, ìlù ọkàn á dàrú. Òdìkejì rẹ̀ ni mo bẹ̀rù jù: aláìsàn tí potásíọ́mù rẹ̀ lọ sílẹ̀ gidi, 2.6, tí ìdúró wá gbé e dé 4.0, iye tó bójú mu. Ta ni yóò fura sí 4.0?

Ẹ má sì sọ pé ẹ máa rí i lójú. Nígbà tí sẹ́ẹ̀lì bá fọ́, omi ẹ̀jẹ̀ á pọ́n, ìyẹn hàn kedere. Potásíọ́mù tí òtútù fà jáde kì í fọ́ sẹ́ẹ̀lì. Omi ẹ̀jẹ̀ á mọ́ lóló, irọ́ ló sì ń pa. Aago tí wọ́n fa ẹ̀jẹ̀ àti aago tó wọ sẹ́ńtífíjì nìkan ló lè jẹ́rìí. Kí ẹ má sì tún túùbù onígẹ́ẹ̀lì, èyí tí gẹ́ẹ̀lì inú rẹ̀ ń pààlà sáàárín sẹ́ẹ̀lì àti omi ẹ̀jẹ̀, yí lẹ́ẹ̀kejì nítorí pé omi ẹ̀jẹ̀ kéré, torí èyí tó wà lábẹ́ gẹ́ẹ̀lì á gòkè pẹ̀lú potásíọ́mù rẹ̀. Ẹni tó bá sì ń da ẹ̀jẹ̀ láti inú túùbù ọlọ́mọrí elésè àlùkò sí òmíràn nítorí pé òmíràn kò kún, kó ṣíwọ́ lónìí. EDTA, oògùn tí kì í jẹ́ kí ẹ̀jẹ̀ dì tó wà níbẹ̀, ní potásíọ́mù nínú, ó sì ń gbá kálísíọ́mù mú. Bí potásíọ́mù bá ga fíofío tí kálísíọ́mù sì lọ sílẹ̀ tó bẹ́ẹ̀ tí kò yẹ kí ẹni náà lè dìde jókòó, ẹ má pe dókítà kó wá tọ́jú ẹ̀. Ẹ pe ẹni tó fa ẹ̀jẹ̀.

Àwọn kan ti sọ Lean di ọjà. Wọ́n á dé pẹ̀lú téèpù aláwọ̀ mèremère, wọ́n á lẹ̀ ẹ́ yí gbogbo tábìlì ká, wọ́n á kọ́ yín ní ọ̀rọ̀ Jàpáàn márùn-ún, wọ́n á fún yín ní ìwé ẹ̀rí ọjọ́ méjì, wọ́n á sì ní kí ẹ lé òṣìṣẹ́ mẹ́ta. Irọ́ gbáà ni. Ẹni tí kò tíì fi ọjọ́ kan tẹ̀ lé túùbù láti ẹ̀gbẹ́ ibùsùn dé orí èsì kò ní nǹkan kan láti sọ fún láàbù. Ní Toyota, òṣìṣẹ́ tó kéré jù pàápàá lẹ́tọ̀ọ́ láti dá iṣẹ́ dúró bí ó bá rí àbùkù. Láti inú ẹ̀rọ ìhunṣọ Sakichi Toyoda, bàbá ẹni tó dá iléeṣẹ́ ọkọ̀ Toyota sílẹ̀, ni ìrònú yẹn ti wá, èyí tó ń dá ara rẹ̀ dúró bí òwú bá já. Ní láàbù, ìtumọ̀ rẹ̀ ni pé ẹni tó wà lójú fèrèsé lè dá túùbù tí kò ní orúkọ padà, ọ̀gá dókítà kankan kò sì gbọ́dọ̀ pariwo lé e lórí. Ẹ̀gbẹ́ ibùsùn ni wọ́n ti ń kọ orúkọ, lẹ́yìn tí ẹ̀jẹ̀ bá wọ inú túùbù tán, pẹ̀lú ohun ìdánimọ̀ méjì, kì í ṣe ní orí tábìlì nọ́ọ̀sì níbi tí túùbù ẹni mẹ́fà ti jọ sùn.

Ìwà kan tún wà tí kò yàtọ̀ sí àfọ̀ṣẹ. Ẹ̀jẹ̀ ìdánwò tí a fi ń yẹ ẹ̀rọ wò láàárọ̀ á jáde kúrò nínú ààlà, wọ́n á tún un ṣe, á tún jáde, wọ́n á tún un ṣe títí yóò fi wọlé lẹ́ẹ̀kan, wọ́n á wá ní "ẹ̀rọ ti gbà." Ẹ̀rọ kò gbà. Òwú ti já, wọ́n sì ń hunṣọ lọ.

Oògùn àyẹ̀wò kò yẹ kó gba ọ̀rọ̀ púpọ̀. Bí ẹ bá ń lo 40 lójúmọ́, tí ọjà ń gba ọjọ́ méje kó tó dé, tí ẹ sì fi ọjọ́ mẹ́ta kún un fún ìdíwọ́, 400 ni ààlà. Páálí oní-100 mẹ́rin nìyẹn. Ẹ so káàdì mọ́ páálí ìkẹrin láti ìsàlẹ̀. Ẹni tó bá kàn án ló ń gbé káàdì náà lọ fún ẹni tó ń ra ọjà. Èyí tí ọjọ́ rẹ̀ máa kọ́kọ́ pé ni kó wà níwájú.

Ẹ̀yin dókítà náà, ẹ dẹ́kun kíkọ "KÍÁKÍÁ" sórí gbogbo fọ́ọ̀mù. Bí 90 nínú 100 bá jẹ́ pàjáwìrì, orí ìlà kan náà ni gbogbo wọn tò sí. Mo mọ ohun tó fà á: èsì lásán kì í dé lásìkò. Ìdí nìyẹn tí kò fi yẹ kí láàbù máa fi ìpíndọ́gba yangàn. Iye ìṣẹ́jú tí 90 nínú 100 èsì fi jáde ni kí ẹ máa kọ sára ògiri, láti ìgbà tí abẹ́rẹ́ wọ apá.

Lọ́la, ní aago mẹ́wàá ààbọ̀ àárọ̀, ẹ lọ síwájú láàbù yín kí ẹ ka túùbù tó wà nínú agbọ̀n. Ẹ fi ìṣẹ́jú mẹ́ta tí a ṣírò lókè sọ ọ́ di púpọ̀. Bí wọ́n bá jẹ́ 40, túùbù tí wọ́n ṣẹ̀ṣẹ̀ gbé kalẹ̀ lójú yín yẹn á dúró fún wákàtí méjì kí ẹnikẹ́ni tó fọwọ́ kàn án, sẹ́ẹ̀lì inú rẹ̀ sì ti bẹ̀rẹ̀ sí í jẹun.