Kúìltì yín ò bára mu? Ẹ wá ibi tó ti bẹ̀rẹ̀ kẹ́ ẹ tó tú u

Ẹni tó bá ń rán kúìltì nílé, ìyẹn aṣọ ìbora tí wọ́n fi ègé aṣọ rán pọ̀, ó máa dé ibì kan tó máa fẹ́ ká gbogbo ẹ̀ jù sábẹ́ bẹ́ẹ̀dì, tórí ègé aṣọ tó fara balẹ̀ gé ò bára mu mọ́, ojú ẹ̀ rí gbágungbàgun, ó tú u, ó tún un rán, bákan náà ló tún rí. Ẹ jọ̀ọ́, ẹ má sọ̀rètí nù. Iṣẹ́ tí mò ń ṣe nìyí, ohun tí mo sì máa ń kọ́kọ́ sọ fáwọn tó ń kọ́ ọ ni pé ibi tí wàhálà ti yọjú nínú kúìltì kì í sábà jẹ́ ibi tó ti bẹ̀rẹ̀. Ohun tó wà lẹ́yìn ẹ̀fà ju èje lọ.

Ẹ jẹ́ ká mú tàwọn ègé tí kò bára mu yẹn. Kúìltì ní ìpele 3, ojú òkè tá a fi ègé aṣọ so pọ̀, òwú pẹlẹbẹ tó wà láàárín, àti aṣọ ẹ̀yìn. Lójú òkè yẹn, gbogbo ibi tẹ́ ẹ bá ti so ègé méjì pọ̀, àlàwáǹsì tẹ́ ẹ máa fi sílẹ̀, ìyẹn etí aṣọ tó máa ṣẹ́ kù lẹ́yìn ojú ìrán, ni 1/4 íǹṣì. Ká ní ẹ fi 1/16 íǹṣì péré kọjá ẹ̀, nǹkan tójú fẹ́rẹ̀ẹ́ má rí, ègé tọ̀tún pàdánù 1/16, tòsì náà pàdánù 1/16, ó di 1/8 lójú ìsopọ̀ kan ṣoṣo. Tí ìlà kan bá ní ìsopọ̀ 8, odidi íǹṣì 1 ti wọlé nìyẹn. Ìlà tó tẹ̀ lé e tó ní ìsopọ̀ 4, ìdajì íǹṣì ló máa fi kúrú, báwo làwọn méjèèjì ṣe fẹ́ wá gún régé? Ẹ fà á títí, kò lè bára mu.

Torí náà kẹ́ ẹ tó gé aṣọ rẹpẹtẹ, ẹ gé ègé tẹ́ẹ́rẹ́ 3 tí fífẹ̀ ẹ̀ jẹ́ íǹṣì 1 ààbọ̀, ẹ rán wọn mọ́ra, ẹ lọ̀ ọ́, kẹ́ ẹ wá fi rúlà wọn ti àárín nìkan. Íǹṣì 1 géérégé ló yẹ kó jẹ́. Tó bá kéré sí i, àlàwáǹsì yín ti pọ̀ jù, ẹ lẹ téèpù mọ́ ara máṣíìnì níbi tí etí aṣọ á máa gbà, kó sún mọ́ abẹ́rẹ́ díẹ̀ sí i, kẹ́ ẹ tún dán an wò. Tẹ́ ẹ bá sì ń lọ̀ ọ́, ẹ gbé áyọ́ọ̀nù lé e kẹ́ ẹ gbé e kúrò, ẹ má wọ́ ọ síwá sẹ́yìn, pàápàá lórí ègé onígun mẹ́ta tẹ́ ẹ gé ní báyàsì, ìyẹn láti igun kan aṣọ sí igun tó dojú kọ ọ́, kíá ló máa ń nà.

Òwú tó ń lọ́ mọ́ra lábẹ́ aṣọ náà ńkọ́? Bọ́bìn, ìyẹn kẹ̀kẹ́ òwú kékeré tó wà lábẹ́ máṣíìnì, ni gbogbo èèyàn máa ń dá lẹ́bi, bẹ́ẹ̀ òkè ló ti sábà máa ń wá. Ẹ gbé ẹsẹ̀ máṣíìnì tó ń tẹ aṣọ mọ́lẹ̀ lábẹ́ abẹ́rẹ́ sókè, kẹ́ ẹ tún òwú òkè kì látìbẹ̀rẹ̀, torí tí ẹsẹ̀ yẹn bá wà nílẹ̀, òwú ò ní wọnú ténṣọ̀n, ìyẹn ibi tó ń di òwú mú kó má bàa dẹ̀.

Èyí tó máa ń dùn mí jù ni etí tó ń jì, tí kúìltì ò lè tẹ́ sílẹ̀ pẹrẹsẹ. Ohun tó ń fà á ni pé èèyàn á kàn mú aṣọ gígùn, á máa rán an mọ́ etí lọ, á wá gé èyí tó kù dànù. Etí yẹn ti nà lọ́wọ́ yín, aṣọ tẹ́ ẹ rán mọ́ ọn sì bá a nà. Àárín kúìltì ni kẹ́ ẹ wọ̀n, iye yẹn gan-an lẹ máa gé aṣọ etí méjèèjì tó dojú kọra sí, ẹ fi píìnì mú orí méjèèjì àti àárín kẹ́ ẹ tó rán an. Tẹ́ ẹ bá ti rán an láìkọ́kọ́ wọ̀n ọ́n, ẹ tú u jàre, kò sí ohun tó máa bò ó.

Tí aṣọ ẹ̀yìn bá hunjọ, ìgbà tẹ́ ẹ tò ó lọ̀rọ̀ wà. Ẹ tẹ́ aṣọ ẹ̀yìn kó gún, kẹ́ ẹ má fà á le jù, kó fi íǹṣì 2 ó kéré tán yọ ní gbogbo ẹ̀gbẹ́, kẹ́ ẹ to òwú pẹlẹbẹ àti ojú òkè lé e, kẹ́ ẹ fi píìnì mú ìpele mẹ́tẹ̀ẹ̀ta pọ̀ ní bí íǹṣì 4 síra wọn, àárín lẹ sì ti máa bẹ̀rẹ̀ sí í rán lọ síta. Tó bá hunjọ níbì kan, ibẹ̀ àti íǹṣì díẹ̀ lọ́tùn-ún lósì nìkan lẹ máa tú.

Tí ojú ìsopọ̀ méjì tó yẹ kó pàdé bá fi díẹ̀ yẹ̀ síra, ẹ fi sílẹ̀, tẹ́ ẹ bá fọ̀ ọ́ tó súnkì díẹ̀, ẹ ò ní rí i mọ́. Àmọ́ tí àlàwáǹsì kan bá kéré tó 1/8, ẹ má fojú fò ó, ó máa já ni. Tẹ́ ẹ bá sì fẹ́ tú u, ẹ má fi agbára ya aṣọ, ẹ gé òwú ní ojú kan lẹ́yìn gbogbo ojú mẹ́ta, ẹ yí i padà, kẹ́ ẹ fa òwú tòdì kejì, ó máa yọ wọ̀ọ̀ láìna etí aṣọ.