Ibi tí distributed, decentralized àti federated ti ṣẹ̀ wá

Distributed, decentralized àti federated, ọ̀rọ̀ mẹ́ta tí wọ́n fi ń sọ bí wọ́n ṣe so kọ̀ǹpútà pọ̀ àti ẹni tó ń darí wọn, bí àwọn èèyàn ṣe ń lò wọ́n kiri báyìí, ẹ máa rò pé ọ̀kan náà ni gbogbo ẹ̀, kí ẹnì kan ṣáà ti sọ pé àápù òun ò sí lọ́wọ́ ẹnikẹ́ni, ó parí. Rárá o. Ọ̀tọ̀ọ̀tọ̀ ni ìṣòro tó bí ọ̀kọ̀ọ̀kan wọn, tèmi sì ni pé àwòrán kan láyé àtijọ́ ló dá ìdàrúdàpọ̀ yìí sílẹ̀.

Paul Baran ló ya àwòrán yẹn. Poland ni wọ́n bí i sí lọ́dún 1926, àwọn òbí ẹ̀ gbé e lọ sí Amẹ́ríkà ní kékeré, ó sì bẹ̀rẹ̀ iṣẹ́ ní RAND, ilé-iṣẹ́ ìwádìí tó ń bá àwọn ológun ṣiṣẹ́ ní California, lọ́dún 1959. Ìgbà yẹn Amẹ́ríkà àti Soviet ń fi bọ́ǹbù átọ́míìkì halẹ̀ mọ́ra wọn, ohun tó sì ń ja àwọn ológun láyà ni pé bí bọ́ǹbù bá balẹ̀ sórí ojúkò tẹlifóònù mélòó kan péré, gbogbo orílẹ̀-èdè ti yadi nìyẹn, ẹni tó fẹ́ pàṣẹ ò ní rí ẹni tó máa gbọ́. Baran fìdí tì í, ó ń ṣírò, nígbà tó di 1964 RAND tẹ iṣẹ́ ẹ̀ jáde, àwòrán mẹ́ta sì wà níbẹ̀ lẹ́gbẹ̀ẹ́ ara wọn. Nínú àkọ́kọ́ gbogbo wáyà ló lọ bá ojúkò kan ṣoṣo láàárín, centralized nìyẹn. Nínú ìkejì ojúkò kéékèèké pọ̀, kálukú pẹ̀lú àwọn tó so mọ́ ọn, ó pè é ní decentralized. Ìkẹta wá dà bí àwọ̀n apẹja, kò sí ojúkò kankan, kókó kọ̀ọ̀kan kàn so mọ́ àwọn kókó tó wà nítòsí ẹ̀ ni, èyí ló pè ní distributed. Ìṣirò ẹ̀ sì fi hàn pé wáyà mẹ́ta sí mẹ́rin fún kókó kọ̀ọ̀kan ti tó, ọ̀tá lè ba ọ̀pọ̀ jẹ́ níbẹ̀ kí àwọn tó ṣẹ́ kù ṣì máa bára wọn sọ̀rọ̀.

Ó tún ní kí wọ́n máa gé ọ̀rọ̀ sí wẹ́wẹ́, kí ègé kọ̀ọ̀kan wá ọ̀nà tiẹ̀ gbà, tí gbogbo ẹ̀ bá dé kí wọ́n wá tò ó padà. Donald Davies náà ronú dé ibẹ̀ ní ilẹ̀ Gẹ̀ẹ́sì lọ́dún 1965 láì mọ Baran rí, òun ló sọ ègé yẹn ní packet. AT&T tó ni tẹlifóònù Amẹ́ríkà nígbà yẹn ní àwọn ò ṣe, pé kò lè ṣiṣẹ́. Ó kúkú ṣiṣẹ́: ní 29 October 1969 kọ̀ǹpútà kan ní yunifásítì UCLA bá èkejì sọ̀rọ̀ ní Stanford Research Institute lórí ARPANET, ìsokọ́ra kọ̀ǹpútà tí ìjọba Amẹ́ríkà sanwó fún, LOGIN ni wọ́n fẹ́ tẹ̀, L àti O nìkan ló dé kí ẹ̀rọ tó dákú, wọ́n sì tún un ṣe, ó lọ.

Ohun táwọn èèyàn fi ń ṣìnà nìyí o: wáyà ni Baran ń yà. Kò bá wa sọ ẹni tó ni kókó wọ̀nyẹn tàbí ẹni tó lè pa wọ́n, torí ọ̀gá kan náà ni wọ́n máa máa ṣiṣẹ́ fún.

Àwọn onímọ̀ kọ̀ǹpútà wá gba distributed lọ́wọ́ àwọn oní-wáyà, wọ́n fi ṣe tiwọn. Tí iṣẹ́ kan bá wà lórí kọ̀ǹpútà púpọ̀ tí aago wọn ò bára mu, báwo la ṣe fẹ́ mọ èyí tó ṣẹlẹ̀ ṣáájú? Leslie Lamport ló dáhùn ìyẹn lọ́dún 1978, ó ní ká gbàgbé aago ara ògiri, kí ẹ̀rọ kọ̀ọ̀kan máa ka nọ́ńbà tiẹ̀, kó sì máa fi í ránṣẹ́ pẹ̀lú gbogbo iṣẹ́ tó bá rán. Lamport yìí kan náà ló ṣàwàdà lọ́dún 1987 pé distributed system ni èyí tí kọ̀ǹpútà kan tó ò tiẹ̀ mọ̀ pé ó wà láyé máa kú, tí tìẹ náà ò sì ní ṣiṣẹ́ mọ́. Ẹni tó bá ti tọ́jú sáfà rí, ìyẹn kọ̀ǹpútà tó ń dá àwọn kọ̀ǹpútà yòókù lóhùn, mọ̀ pé àwàdà kọ́. Nígbà tó wá di 2003, Google kọ̀wé jáde nípa bí wọ́n ṣe ń tọ́jú fáìlì: wọ́n á gé e sí ègé 64 MB, wọ́n á ṣe ẹ̀dà mẹ́ta fún ègé kọ̀ọ̀kan sórí ẹ̀rọ ọ̀tọ̀ọ̀tọ̀, ẹ̀rọ kan ṣoṣo tí wọ́n ń pè ní master ló sì mọ ibi tí gbogbo ẹ̀ wà. Ẹ wò ó, distributed délẹ̀délẹ̀, bẹ́ẹ̀ sì rèé ilé-iṣẹ́ kan ló ni gbogbo ẹ̀, kò sí decentralized kankan níbẹ̀.

Federated ní tiẹ̀, a ti ń lò ó tipẹ́ ká tó máa fi ọ̀rọ̀ yẹn pè é. Íméèlì ni. Ray Tomlinson fi @ sáàárín orúkọ èèyàn àti orúkọ ẹ̀rọ lọ́dún 1971, Jon Postel kọ òfin SMTP, ìyẹn bí íméèlì ṣe ń ti sáfà kan dé èkejì, sílẹ̀ lọ́dún 1982, látìgbà náà kálukú ló ni sáfà ẹ̀, òun ló ń pinnu ẹni tó máa gbà síbẹ̀ àti ẹni tó máa lé, ohun tó pa gbogbo wọn pọ̀ ò ju èdè kan ṣoṣo tí wọ́n jọ ń sọ lọ. Jeremie Miller gbé irú ẹ̀ wá fún chat lọ́dún 1999 pẹ̀lú Jabber, èyí tó padà di XMPP. Google Talk, chat ti Google, náà dara pọ̀ lọ́dún 2006, ṣùgbọ́n nígbà tí Hangouts tó rọ́pò ẹ̀ dé lọ́dún 2013 Google yọwọ́, àwọn tó wà lórí sáfà kéékèèké wá dá wà. Ewu federated gan-an nìyẹn, kò sẹ́ni tó lè fipá mú sáfà ńlá kó máa gbọ́ tara kékeré. Mastodon, ìkànnì àjọlò tí Eugen Rochko ṣe ní Jámánì lọ́dún 2016, ń tọ ọ̀nà yìí náà, pẹ̀lú ActivityPub, èdè tí àwọn sáfà ẹ̀ jọ ń sọ, tí W3C, àjọ tó ń ṣòfin fún wẹ́ẹ̀bù, fọwọ́ sí ní January 2018, bí ẹni tó ni sáfà rẹ bá sì pa á lọ́la, àkáǹtì rẹ bá a lọ.

Decentralized tí gbogbo ayé wá ń pariwo báyìí, ilé ẹjọ́ ló bí i ká sòótọ́. Napster, àápù tí àwọn èèyàn fi ń pín orin fúnra wọn, dé lọ́dún 1999, inú kọ̀ǹpútà àwa èèyàn ni orin wà, ṣùgbọ́n orí sáfà ilé-iṣẹ́ náà ni ìwé orúkọ orin wà, torí náà nígbà tí àwọn ilé-iṣẹ́ tó ń gbé orin jáde pè wọ́n lẹ́jọ́, sáfà yẹn nìkan ni wọ́n pa lọ́dún 2001, gbogbo ẹ̀ bá kú. Gnutella tó ń ṣe irú iṣẹ́ kan náà ti jáde lọ́dún 2000 láìní irú ìwé bẹ́ẹ̀, kò sí ẹni tí ìwé ìpẹ̀jọ́ fẹ́ lọ bá. Lẹ́yìn náà ni Satoshi Nakamoto, tí kò sẹ́ni tó mọ̀ ọ́n dòní, gbé ìwé tó ṣàlàyé Bitcoin, owó orí kọ̀ǹpútà, jáde ní 31 October 2008, ó ní kí owó máa rìn láìsí báǹkì tó ń ṣọ́ ọ, kí ẹni tó bá fẹ́ kọ ojú ewé tó kàn sínú ìwé tí wọ́n ń kọ gbogbo owó tó bá rìn sí kọ́kọ́ fi iná àti ìṣirò jìyà.

Tó bá jẹ́ àwòrán Baran la fi wò ó, àwọ̀n apẹja ni Bitcoin. Ṣùgbọ́n àwọn tó ń wa owó yẹn, ìyẹn àwọn tó ń ṣírò láti kọ ojú ewé náà, ti kó ara wọn jọ sí pool, ẹgbẹ́ tí wọ́n ti ń pa agbára ìṣirò pọ̀, torí kí wọ́n má baà máa pàdánù, nígbà tó fi máa di June 2014, pool kan tó ń jẹ́ GHash.io nìkan ti ní nǹkan bí ìdajì gbogbo agbára ìṣirò tó wà níbẹ̀, ìyẹn agbára tó tó láti fi ná owó kan náà lẹ́ẹ̀mejì. Wáyà ò yí padà rárá, kókó náà ṣì pọ̀ bí i ti tẹ́lẹ̀, ẹni tí agbára wà lọ́wọ́ ẹ̀ ló yí padà.