Kọ́ìnì àtijọ́ tí wọ́n ní kí ẹ yà ní fọ́tò: ìbéèrè yín àti ìdáhùn

Láti ọ̀sẹ̀ tó kọjá ni ohùn kan ti ń káàkiri lórí WhatsApp ní Àkúrẹ́: ẹni tó bá ní owó onírin ayé òyìnbó nílé, kí ó yà á ní fọ́tò tó mọ́ kedere, kí lẹ́tà ara rẹ̀ ṣeé kà, oníbàárà kan wà tó máa fi mílíọ̀nù gbé e. Àpótí ìyá àgbà ò sinmi mọ́ láti ìgbà náà. Àwọn tó mọ̀ pé mo máa ń ya irú fọ́tò bẹ́ẹ̀ sì ti da ìbéèrè bò mí.

Ṣé lóòótọ́ ni wọ́n ń fi mílíọ̀nù rà wọ́n?

Èyí tó pọ̀ jù nínú wọn, rárá.

Kí ló dé tí wọ́n fi fẹ́ fọ́tò tó sún mọ́ ọn tó bẹ́ẹ̀?

Nítorí ohun kékeré ló ń ya kọ́ìnì kan sọ́tọ̀ sí èkejì. Ẹ wo kọ́bọ̀ oníhò tí àwọn bàbá wa ná. Orí ọba ò sí lára rẹ̀, orúkọ àti adé nìkan ni. Àwọn kan wà tí wọ́n rọ ní 1936 pẹ̀lú orúkọ Edward VIII, ọba tó gbé adé sílẹ̀ ní oṣù Kejìlá ọdún náà kí wọ́n tó dé e lórí. Ẹni tó bá gbọ́ ìtàn yìí á rò pé ọ̀wọ́n ni kọ́ìnì náà, àmọ́ wọ́n rọ ọ́ lọ́pọ̀ yanturu. Lára àwọn kọ́ìnì ayé ìgbà yẹn, ẹ máa rí lẹ́tà ilé iṣẹ́ tó rọ wọ́n: H, ìyẹn Heaton ní Birmingham, tàbí KN, ìyẹn Kings Norton. Lẹ́tà yẹn ò ju orí èèrà lọ. Bí fọ́tò yín ò bá gbé e jáde, oníbàárà ò mọ èwo lẹ ní.

Fóònù mi ńkọ́? Wọ́n kọ "macro" sí i lára.

"Macro" ni yíya nǹkan kékeré láti ìtòsí. Kámẹ́rà "macro" ara ọ̀pọ̀ fóònù olówó pọ́ọ́kú kò ju megapixel méjì lọ. Orúkọ ńlá ni. Kámẹ́rà àkọ́kọ́ ni kí ẹ lò. Ẹ to ìwé jọ ní òpó méjì, ẹ gbé fóònù dábùú lé wọn, kí kọ́ìnì wà láàárín nísàlẹ̀. Ẹ má sún mọ́ ọn jù, kí òjìji fóònù má baà bò ó. Ẹ lè gé etí fọ́tò kúrò tó bá yá.

Mo ní kámẹ́rà. Wọ́n ní àfi kí n ra lẹ́ńsì macro tó ń gbé nǹkan bó ṣe tóbi gan-an, 1:1.

Ẹ jẹ́ ká ṣírò rẹ̀. Ojú tó ń gba àwòrán nínú kámẹ́rà tí ọ̀pọ̀ wa ń lò (APS-C) fẹ̀ tó mìlímítà 23.5, ó ga tó 15.6. Ká ní kọ́ìnì yín fẹ̀ tó mìlímítà 28. Bí lẹ́ńsì bá gbé e ní ìdajì, ó di 14, ó sì ti kún ojú náà. Ìdajì lẹ nílò. Bí ẹ bá lo 1:1, kọ́ìnì ò ní gbà mọ́, ààbọ̀ rẹ̀ lẹ máa yà. Ọ̀níní kékeré nìkan ló lè fẹ́ jù bẹ́ẹ̀ lọ.

Kí ni kí n rà nígbà náà?

Lẹ́ńsì 18-55 tó bá kámẹ́rà wá kì í sábà gbé nǹkan ju ìdá mẹ́ta rẹ̀ lọ. Extension tube ló máa sún un síwájú: òrùka lásán ni, kò ní gíláàsì nínú, àárín kámẹ́rà àti lẹ́ńsì ló ń wà. Ẹ fi nọ́ńbà mìlímítà lẹ́ńsì pín gígùn òrùka náà, ẹ óò mọ bó ṣe máa gbé nǹkan tó. Òrùka mìlímítà 25 lára lẹ́ńsì 50 jẹ́ ìdajì, ohun tí à ń wá gan-an. Ẹ ra èyí tó ní irin kéékèèké tó ń gbé ọ̀rọ̀ láti kámẹ́rà dé lẹ́ńsì. Bí kò bá ní, ọ̀pọ̀ lẹ́ńsì òde òní ò ní jẹ́ kí ẹ dín ojú wọn, ìyẹn ihò tí ìmọ́lẹ̀ ń gbà wọlé, kù.

Tòkunbọ̀ náà wà. Lẹ́ńsì Micro-Nikkor 55mm àtijọ́ f/2.8 ń dé ìdajì láìsí àfikún kankan, ọwọ́ lẹ fi ń yí i. Kí ẹ tó sanwó, ẹ tan tọ́ọ̀ṣì sínú rẹ̀: ṣé ó ti bu? Ṣé epo ò sí lára àwọn abẹ kéékèèké inú rẹ̀? Àìsàn tí wọ́n mọ̀ mọ́ ọn nìyẹn.

Gíláàsì tí wọ́n ń dè mọ́ iwájú lẹ́ńsì ló rọ̀ jù lọ́wọ́. Èyí tó jẹ́ ẹyọ gíláàsì kan ṣoṣo kì í jẹ́ kí etí àwòrán ṣe kedere, etí kọ́ìnì gan-an sì ni lẹ́tà wà.

Iná ńkọ́?

Ibí ni kí owó yín lọ. Oòrùn ọ̀sán gangan ò dáa, ó ń kọ mànà. Ẹ lọ sí ọ̀dẹ̀dẹ̀, níbi tí òjìji wà. Bí iná mànàmáná lẹ fẹ́ lò, ẹ gbé gílóòbù méjì tó jẹ́ oríṣi kan náà sí i, bí ẹni pé kọ́ìnì jẹ́ ojú aago: ọ̀kan ní ibi mẹ́wàá, ọ̀kan ní ibi méjì. Ẹ má pa gílóòbù pupa pọ̀ mọ́ funfun, kí bàbà má baà di fàdákà nínú fọ́tò. Ìjà ni yóò dá sílẹ̀.

Fún ṣílè tó ń dán, ọgbọ́n kan wà tí mo fẹ́ràn ju gbogbo rẹ̀ lọ. Ẹ mú gíláàsì pẹlẹbẹ ara férémù fọ́tò, ẹ dá a dúró ní ìdagẹ̀rẹ̀ 45 láàárín lẹ́ńsì àti kọ́ìnì. Ẹ tan iná sí gíláàsì náà láti ẹ̀gbẹ́, ẹ fi páálí dí i kó má baà kan kọ́ìnì tààrà. Gíláàsì á da ìmọ́lẹ̀ sílẹ̀ gbọnrangandan, á tún jẹ́ kí lẹ́ńsì ríran kọjá. Ilẹ̀ kọ́ìnì á funfun, ẹ̀gbẹ́ lẹ́tà á dúdú, ẹ óò ka á bí ìwé ìròyìn.

Apá kan ṣe kedere, apá kan ò ṣe kedere.

Kámẹ́rà yín ti fì. Ẹ gbé jígí sí ibi tí kọ́ìnì máa wà, kí ẹ wò ó nínú kámẹ́rà. Bí lẹ́ńsì bá rí ara rẹ̀ láàárín gbùngbùn, ó ti dọ́gba. Ẹ dín ojú lẹ́ńsì kù sí f/8, ẹ lo aago ìṣẹ́jú àáyá méjì, ẹ gbọ́wọ́ kúrò.

Ìyá mi ní kí n fi ọsàn wẹ́wẹ́ àti eérú fọ̀ ọ́ kí ó lè dán.

Màmá ò jẹ̀bi, bí wọ́n ṣe ń fọ abọ́ idẹ nìyẹn. Ẹ jọ̀ọ́, ẹ má ṣe é! Àwọ̀ tó ti dì mọ́ ara kọ́ìnì láti ọjọ́ pípẹ́ ni àwọn tó ń kó o jọ ń sanwó fún. Eérú á ha á, ọsàn á jẹ ẹ́, kò sì ní padà mọ́ láé. Bí iyẹ̀pẹ̀ bá lẹ̀ mọ́ ọn, ẹ rẹ ẹ́ sínú omi, kí ẹ fi aṣọ rírọ̀ tẹ̀ ẹ́ gbẹ. Ẹ má fi nù ún o.

Wọ́n ní kí n san owó ìforúkọsílẹ̀ kí wọ́n tó wo fọ́tò mi.

Ẹ má san kọ́bọ̀. Oníhò gan-an, ẹ má san án.

Ṣé ìjọba lè mú mi?

Fọ́tò yíyà kì í ṣe ẹ̀ṣẹ̀. Ṣùgbọ́n ẹ má da nǹkan méjì pọ̀. Abala 21 òfin Báńkì Àpapọ̀ ti ọdún 2007 ka fífi náírà ṣòwò sí ẹ̀ṣẹ̀, ì báà jẹ́ bébà tàbí kọ́ìnì, ó sì ka bíbà á jẹ́ sí ẹ̀ṣẹ̀ pẹ̀lú. Ìjìyà rẹ̀ kò gbọ́dọ̀ dín ní ẹ̀wọ̀n oṣù mẹ́fà tàbí ₦50,000, ó sì lè jẹ́ méjèèjì. Kọ́ìnì ₦1 àti ₦2 tó jáde ní 2007 wà lábẹ́ òfin yìí, bó tilẹ̀ jẹ́ pé wọn ò gbà á mọ́ lọ́wọ́ yín ní Ọjà Ọba. Kọ́bọ̀ oníhò ti ìwọ̀ oòrùn Áfíríkà kì í ṣe náírà. Ọjọ́ kìíní oṣù Kìíní 1973 ni náírà bẹ̀rẹ̀.

Mo ti fi fọ́tò tèmi ránṣẹ́ sí wọn.

Ẹ tún òmíràn yà, kí bébà tí ẹ kọ orúkọ àti déètì sí wà lẹ́gbẹ̀ẹ́ kọ́ìnì, torí ẹlòmíràn lè fi fọ́tò yín tọrọ owó. Lẹ́yìn náà, kí kọ́ìnì padà sínú àpótí ìyá àgbà. Méje ni tèmi, mo ti ya gbogbo wọn tojú tẹ̀yìn. Oníbàárà mílíọ̀nù ò tíì pè.