Ìdí ọfà oníná fún ọdẹ ọlọ́fà

Ìdí ọfà oníná jẹ́ ike kékeré tí ó ní iná àti bátìrì nínú, tí ọdẹ ń kì bọ ìdí ọfà rẹ̀ dípò ike lásán tó máa ń wà níbẹ̀. Òun náà ní ẹnu tí ó fi ń gbá ọsán, ìyẹn okùn ọrun, mú. Bí ọdẹ bá ti jọ̀wọ́ ọsán, iná á tàn fúnra rẹ̀, kò sì ní kú títí ẹnìkan yóò fi pa á tàbí tí bátìrì yóò fi tán. Amẹ́ríkà ni wọ́n ti ń lò ó jù lọ. Níbẹ̀, ọ̀pọ̀ ìpínlẹ̀ ló ya àsìkò sọ́tọ̀ fún àwọn tó ń fi ọrun àti ọfà ṣọdẹ àgbọ̀nrín onírù funfun, àsìkò náà a sì máa ṣáájú ti ìbọn. Lumenok, tí ilé-iṣẹ́ Burt Coyote ní ìpínlẹ̀ Illinois ń ṣe, àti Nockturnal wà lára orúkọ tí àwọn ọdẹ ibẹ̀ mọ̀ dáadáa.

Kì í ṣe ohun tí a fi ń fojú sun ẹran. Kò níṣẹ́ kankan títí ọfà yóò fi kúrò lórí ọrun. Lẹ́yìn ìyẹn ni ó wúlò: kí ọdẹ lè rí ibi tí ọfà wọlé sí lára ẹran, kí ó sì rí ọfà náà mú lẹ́yìn ìgbà tí ilẹ̀ bá ti ṣú.

Àǹfààní àkọ́kọ́ yìí tóbi ju bí ẹni tí kò ṣọdẹ rí ṣe lè rò lọ. Àfẹ̀mọ́júmọ́ àti ìrọ̀lẹ́ ni àgbọ̀nrín máa ń rìn jù, òfin ọ̀pọ̀ ìpínlẹ̀ sì gba ọdẹ láàyè láti ìdajì wákàtí kí oòrùn tó yọ títí di ìdajì wákàtí lẹ́yìn tí ó bá wọ̀. Ọfà tí ọrun oníkẹ̀kẹ́, ìyẹn ọrun òde òní tó ní kẹ̀kẹ́ kékeré lẹ́nu apá rẹ̀ méjèèjì, ta ní 280 ẹsẹ̀ bàtà ní ìṣẹ́jú àáyá kan, ìyẹn bíi mítà 85, á dé ara ẹran tó wà ní 30 yáàdì láàárín nǹkan bí ìdá kan nínú mẹ́ta ìṣẹ́jú àáyá. Nínú ìmọ́lẹ̀ bàìbàì, ojú kì í bá irú ọfà bẹ́ẹ̀. Bí iná bá wà ní ìdí rẹ̀, ọdẹ á rí ìlà tí ó fà nínú afẹ́fẹ́ àti ibi tí ìlà náà ti parí.

Ibi tí ó parí sí ni yóò sọ ohun tó kàn. Bí ọfà bá gba ẹ̀dọ̀fóró méjèèjì kọjá, ẹran kì í pẹ́ ṣubú, ọdẹ á sì lọ bá a láìpẹ́. Bí ó bá jẹ́ ẹ̀dọ̀ ni, ó gba sùúrù wákàtí mélòó kan. Bí ó bá bọ́ sí ìfun, àwọn tó mọṣẹ́ a máa fi ẹran náà sílẹ̀ fún wákàtí 8 sí 12, nítorí pé bí a bá tètè lé e, á dìde níbi tó dùbúlẹ̀ sí, á sì gbé ọgbẹ́ rẹ̀ lọ sí ibi tí a kò ti ní rí i mọ́. Ọfà tó gba ara ẹran já tí ó sì wà nílẹ̀ pẹ̀lú iná rẹ̀ jẹ́ ẹlẹ́rìí kejì: ẹ̀jẹ̀ pípọ́n tó ń hó fi ẹ̀dọ̀fóró hàn, èyí tó dúdú díẹ̀ fi ẹ̀dọ̀ hàn, ìdọ̀tí aláwọ̀ ewé tó ń rùn sì fi ìfun hàn. Ẹran tí a ta lọ́fà tí a kò rí mọ́ jẹ́ ìyà fún ẹran náà àti òfò fún ọdẹ. Ìdí tí iná kékeré yìí fi tó ohun tí a ń náwó lé nìyẹn.

Kí a tó ra ohunkóhun, òfin ni ká kọ́kọ́ wò. Pope and Young Club, ẹgbẹ́ tí wọ́n dá sílẹ̀ ní 1961 láti máa ṣàkọsílẹ̀ àwọn ẹran ńlá tí wọ́n fi ọrun pa ní Àríwá Amẹ́ríkà, kò gba ẹran tí wọ́n fi ọfà tàbí ọrun tó ní ohun abánáṣiṣẹ́ lára pa. Ní 2014 ni wọ́n yí òfin náà padà, tí wọ́n sì fàyè gba ìdí ọfà oníná àti kámẹ́rà tí kò ran ọdẹ lọ́wọ́ láti ta ọfà. Fún ọ̀pọ̀ ọdún, Idaho àti àwọn ìpínlẹ̀ mìíràn ní ìwọ̀-oòrùn Amẹ́ríkà kò gbà kí ohun abánáṣiṣẹ́ wà lára ọfà. Àwọn tó ta kò ó ń bẹ̀rù pé tí a bá ṣílẹ̀kùn fún ọ̀kan, àwọn yòókù á tẹ̀ lé e wọlé, títí ọgbọ́n ọwọ́ ọdẹ kò fi ní já mọ́ nǹkan mọ́. Ìbẹ̀rù tó nídìí ni, ṣùgbọ́n iná yìí kì í tan ìmọ́lẹ̀ sára ẹran, kì í sì í sọ bí ẹran ti jìnnà tó. Níwọ̀n bí irú òfin báyìí ti ń yí padà, ìwé òfin ọdẹ ti ọdún tí a wà nínú rẹ̀ ni ká kà, kì í ṣe ti èṣí. Ní ilẹ̀ Gẹ̀ẹ́sì, ọ̀rọ̀ yàtọ̀ pátápátá: òfin Wildlife and Countryside Act ti 1981 ka fífi ọrun pa ẹranko ìgbẹ́ léèwọ̀, nítorí náà orí pákó ìdánrawò nìkan ni ẹni tó wà níbẹ̀ lè lò ó sí.

Lẹ́yìn òfin, bí ó ṣe bá ihò ọfà mu ló ṣe pàtàkì jù, kódà ju bí iná ṣe mọ́lẹ̀ tó lọ. Ọfà kábọ́ọ̀nù òde òní ní ihò nínú, ihò náà kò sì tóbi bákan náà lára gbogbo ọfà. Èyí tó wọ́pọ̀ jẹ́ bíi 0.246 ínǹṣì, ìyẹn mílímítà 6.2, àwọn tó tẹ́ẹ́rẹ́ jẹ́ 0.204 ínǹṣì, bíi mílímítà 5. Àwọn tó tún tẹ́ẹ́rẹ́ jù bẹ́ẹ̀ lọ jẹ́ 0.166, bíi mílímítà 4. Àwọn olùṣe a máa fi lẹ́tà sàmì sí ìwọ̀n wọn lára páálí, lẹ́tà ilé-iṣẹ́ kan kò sì fi dandan bá ti èkejì mu, nítorí náà nọ́ńbà ni ká máa wò. Ìyàtọ̀ 0.002 ínǹṣì péré, láàárín 0.244 àti 0.246, tó láti mú kí ike náà máa mì nínú ihò tàbí kí ó kọ̀ láti wọlé. Bí ó bá ń mì, ọfà kò ní lọ tààrà. Bí ó bá fún jù, ẹni tó ń fi agbára tì í lè la ẹnu ọfà kábọ́ọ̀nù náà. Àwọn kan máa ń wé ọ̀rá tẹ́ẹ́rẹ́ mọ́ ìdí ike kí ó lè dì mú. Ó ń ṣiṣẹ́ fún ike lásán, ṣùgbọ́n fún oníná tí ìgbòkègbodò rẹ̀ nínú ihò ń tan iná, ó lè dí iná lọ́wọ́.

Ẹnu tó ń gbá ọsán mú náà gbọ́dọ̀ bá òwú tí wọ́n fi wé àárín ọsán mu. Ó yẹ kí ó dún díẹ̀ nígbà tí ó bá gbá ọsán mú, kí ó sì já bọ́ bí a bá fi ìka gbá ọsán jẹ́jẹ́.

Ti àkàtàǹpó, ọrun tí a ń yìn bí ìbọn, léwu ju èyí lọ. Ọfà àkàtàǹpó kúrú, ìdí rẹ̀ sì ní oríṣi bíi mélòó kan: èyí tó pẹrẹsẹ, èyí tó tẹ̀ kọ́rọ́ bí oṣù tó ṣẹ̀ṣẹ̀ lé, àti èyí tó di ọsán mú. Oríṣi tí ẹni tó ṣe àkàtàǹpó náà bá dárúkọ nínú ìwé rẹ̀ nìkan ni ká lò. Bí ìdí ọfà kò bá bá a mu, ọsán lè yọ gba orí tàbí abẹ́ ọfà kọjá, kí gbogbo agbára náà padà sára àkàtàǹpó fúnra rẹ̀. Apá rẹ̀ lè fọ́ lójú ẹsẹ̀, kí ó sì ṣe ẹni tó dì í mú léṣe.

Ọ̀rọ̀ ìwúwo ni ọ̀pọ̀ ènìyàn máa ń gbójú fò. Gíréènì ni wọ́n fi ń wọn ọfà, bíi 15 rẹ̀ ló wà nínú gíráàmù kan. Ike lásán kì í ju gíréènì 6 sí 12 lọ. Oníná sábà máa ń wọn 20 sí 30, nítorí bátìrì. Ìyàtọ̀ náà kò tó gíráàmù méjì, ṣùgbọ́n ìdí pátápátá ni ó wà, ibẹ̀ sì ni ìwúwo ti ń da ọfà láàmú jù. Ká mú ọfà 28 ínǹṣì tó wọn gíréènì 400, tí ibi tí ó ti ń dọ́gba lórí ìka wà níwájú àárín rẹ̀ ní ìdá 11 nínú 100 gígùn rẹ̀. Bí a bá fi gíréènì 15 kún ìdí rẹ̀, ìdá náà á wálẹ̀ sí bíi 8.8. Ọ̀pọ̀ ọdẹ fẹ́ kí ó wà láàárín 10 sí 15, kí irin tó mú níwájú lè máa fa ìyókù ọfà tọ ọ̀nà. Bí a bá yọ irin gíréènì 100 tí a sì fi ti 125 rọ́pò rẹ̀, ìdá náà á padà sí nǹkan bí 11. Ọfà á lọ́ra díẹ̀, á sì máa wálẹ̀ díẹ̀ síi lọ́nà jíjìn, nítorí náà a ní láti tún ohun ìfojúsùn ṣe.

Bí iná ṣe ń tàn ló kàn. Nínú àwọn kan, ọsán ni ó ń ti ọ̀pá kékeré kan wọlé nígbà tí ọfà bá ń lọ, ọ̀pá náà á sì so iná pọ̀. Nínú àwọn mìíràn, gbogbo ike náà ló ń sún síwájú nínú ihò. A tún rí èyí tó ń tàn nígbà tí ó bá kọjá lára irin òòfà tí wọ́n lẹ̀ mọ́ ọrun. Oríṣi àkọ́kọ́ rọrùn jù fún ẹni tó ń lo ọrun oníkẹ̀kẹ́, òun náà ni mo sì kà sí èyí tó yẹ fún ọ̀pọ̀ ènìyàn. Ẹni tó ń lo ọrun ìbílẹ̀ tí agbára rẹ̀ kò pọ̀ gbọ́dọ̀ kọ́kọ́ dán an wò, torí ọsán rẹ̀ lè máà ní agbára tó láti tan án. Kí a tún wo bí a ṣe ń pa á: èyí tó nílò abẹ́rẹ́ tàbí ẹnu ọ̀bẹ yóò ni ọdẹ lára ní òru òtútù tí ìka bá ti kú.

Àwọ̀ ewé àti pupa ni wọ́n ń tà jù. Lóru, ojú ènìyàn máa ń rí àwọ̀ ewé dáadáa. Lọ́sàn-án, ó lè pòórá sínú koríko tútù. Pupa hàn lórí koríko, ṣùgbọ́n ó lè rú ojú lórí àwọn ewé tó ti pọ́n, tó sì ti já sílẹ̀ ní oṣù kẹwàá àti ìkọkànlá ní àwọn ìpínlẹ̀ àríwá. Nǹkan bí 8 nínú 100 ọkùnrin tí ìran wọn ti àríwá Yúróòpù wá kì í fi bẹ́ẹ̀ dá pupa mọ̀ yàtọ̀ sí àwọ̀ ewé. Kí irú ẹni bẹ́ẹ̀ dán àwọ̀ wò nínú igbó kí ó tó ra púpọ̀. Àgbọ̀nrín fúnra rẹ̀ kì í rí pupa dáadáa, bẹ́ẹ̀ ni iná náà kì í tàn kí a tó ta ọfà, nítorí náà àwọ̀ kò lè lé ẹran.

Bátìrì inú rẹ̀ sábà máa ń jẹ́ lítíọ́ọ̀mù fóltì 3 tó rí bí abẹ́rẹ́ tó nípọn, irú èyí tí àwọn apẹja ń fi sínú ohun tó ń léfòó, tó sì ń tàn lórí omi lóru. Èyí tí wọ́n ń pè ní BR425 jẹ́ bíi mílímítà 4 ní ìbú àti 25 ní gígùn. Òtútù a máa dín agbára rẹ̀ kù. Ó yẹ kí iná lè tàn di ọjọ́ kejì ó kéré tán, nítorí ọdẹ tó ta ìfun ẹran nírọ̀lẹ́ kò ní padà wọgbó títí ilẹ̀ yóò fi mọ́.

Páálí mẹ́ta-mẹ́ta ni wọ́n sábà ń tà á. Kí ọdẹ fi ọ̀kan ṣe ìdánrawò, kí ó má fi ike lásán dánra wò kí ó wá fi oníná lọ sígbó, torí ọfà méjèèjì kò ní bọ́ síbi kan náà. Lẹ́yìn ìgbàkígbà tí a bá ta ọfà, kí a fi àtàǹpàkò ti ẹnu ike náà sọ́tùn-ún sósì, ká sì wo gbòǹgbò rẹ̀ nínú ìmọ́lẹ̀. Èyí tó bá ti sán, bó ti wù kí iná rẹ̀ ṣì mọ́lẹ̀ tó, kò gbọ̀dọ̀ padà sórí ọsán.