Ọmọ tó ń sáré wálé ní gbogbo ọjọ́ Ẹtì

Nínú àwọn akẹ́kọ̀ọ́ ọdún kìíní tó ń wá gba ìmọ̀ràn lọ́dọ̀ mi n'Íjẹ̀bú, àwọn tó ti ọ̀nà jíjìn wá kọ́ ló ń dá wà jù. Ọmọ Ìjẹ̀bú-Òde tó ń kàwé ní Àgọ́-Ìwòyè ni, ọmọ Ṣàgámù tó ń kàwé ní Ìjagun ni. Bó bá ti di ọ̀sán ọjọ́ Ẹtì, ó ti gbé báàgì kọ́ èjìká, ó di gáréèjì. Ọjọ́ Ajé ni yóò tó padà, tòun ti kúlà ọbẹ̀ àti gààrí. Títí sáà yóò fi parí, kò ní mọ ẹlòmíì ju ẹni tí wọ́n jọ wà ní yàrá. (Yunifásítì Babcock tó wà n'Ílíṣàn yàtọ̀, wọn kì í jẹ́ kí ọmọ jáde láìgbàṣẹ.)

Òpin ọ̀sẹ̀ gan-an ni ayé ọgbà máa ń dùn. Ìgbà náà làwọn eléré orí ìtàgé ń ṣe ìdánrawò, tí ẹ̀ka ẹ̀kọ́ kan ń gbá bọ́ọ̀lù pẹ̀lú èkejì, tí àwọn oníròyìn ọgbà ń ṣèpàdé. Ẹ̀yin òbí, mo mọ̀ pé ojú ọmọ ń wù yín í rí. Ṣùgbọ́n ní sáà àkọ́kọ́, ẹ jẹ́ kó máa wá lẹ́ẹ̀kan lóṣù, kó fi owó ọkọ̀ tó kù san owó ẹgbẹ́ tó bá wọ̀ nínú ọgbà.

Ẹgbẹ́ méjì tó o. Ọ̀kan nínú ẹ̀ka ẹ̀kọ́ rẹ̀, níbi tí yóò ti rí ẹ̀gbọ́n tí yóò yá a ní ìwé àti ìbéèrè ìdánwò àtijọ́. Èkejì, kó má kan ẹ̀kọ́ rẹ̀ rárá. Èyí ni mo fẹ́ràn jù, torí ọ̀pọ̀ ọmọ ló béèrè láti kọ́ ìṣègùn, tí ilé ìwé sì fún wọn ní ẹ̀kọ́ mìíràn. Kí irú wọn tó pinnu láti yí ẹ̀kọ́ padà, ẹ jẹ́ kí wọ́n kọ́kọ́ mọ ohun tí ọkàn wọn ń fà sí.

Ọmọbìnrin kan tó ń kọ́ ìṣirò owó lọ jókòó sẹ́yìn níbi ìdánrawò eré. Lọ́jọ́ kìíní, kò sẹ́ni tó kí i. Lẹ́ẹ̀kejì, wọ́n béèrè orúkọ rẹ̀. Lẹ́ẹ̀kẹta, wọ́n gbé ìwé eré lé e lọ́wọ́ pé kó máa rán àwọn òṣèré létí ọ̀rọ̀ wọn. Kò pẹ́ tó fi mọ ọ̀rọ̀ gbogbo wọn lórí, tí ẹni tí kò bá rí i á sì máa béèrè rẹ̀. Ìdí nìyẹn tí mo fi ń sọ pé kéèyàn lọ lẹ́ẹ̀mẹta kó tó sọ pé ẹgbẹ́ kan ò dáa.

Ilé la ti mọ èyí n'Íjẹ̀bú. Regbéregbé, ìyẹn ẹgbẹ́ àwọn tí ọjọ́ orí wọn súnmọ́ra, tó ń tàn yanran níbi ọdún Ojúde Ọba, lọ́jọ́ kẹta Iléyá, ti ṣèpàdé, ó ti dáwó, ó ti yan aṣọ tipẹ́. Ẹni tó jókòó tó ń retí kí wọ́n wá pe òun kò ní bá wọn gba aṣọ.

Yunifásítì Ọlábísí Ọnàbánjọ ti Àgọ́-Ìwòyè, tó ti wà láti 1982, pín ká ìlú púpọ̀: àwọn oníṣègùn ní Ṣàgámù, àwọn ẹnjiníà n'Íbógùn. Torí náà, kí ọmọ béèrè ẹgbẹ́ tó ń pàdé ní ọgbà tirẹ̀. Ọ́fíìsì tó ń rí sí ọ̀rọ̀ akẹ́kọ̀ọ́ ló mọ ẹgbẹ́ tó forúkọ sílẹ̀. Ẹgbẹ́ tó bá ń pàdé lóru, tó ń fún ọmọ tuntun lọ́tí àti owó ọ̀fẹ́, tó sì ní kó má sọ fún ẹnikẹ́ni, ẹgbẹ́ òkùnkùn ni. Kó sá, kó sì sọ ọ́ nílé lọ́jọ́ náà.

Bẹ́ ẹ bá pè é lórí fóònù, ẹ yé béèrè “Ṣé ò ń kàwé?” nìkan. Ẹ bi í pé, “Ta lẹ jọ jẹun lónìí?” Bí ọ̀sẹ̀ mẹ́ta bá kọjá tí kò dárúkọ ẹnikẹ́ni, tí oorun rẹ̀ ti dàrú, tí kì í lọ sí kíláàsì mọ́, ẹ má bá a wí. Ẹ ní kó lọ rí agbaninímọ̀ràn ilé ìwé rẹ̀, bí ojú bá sì ń tì í, kí ẹnì kan nínú yín bá a lọ.