Dẹ́ríkà: agolo tòmátì tó di òṣùwọ̀n

Bí o bá dé ìsọ̀ ẹni tó ń ta ìrẹsì l'Ékòó tí o ní, "Ẹ wọn dẹ́ríkà méjì fún mi," kò sẹ́ni tó máa rò pé tòmátì lo fẹ́ rà. Bẹ́ẹ̀ tòmátì alágolo láti ilẹ̀ Ítálì ló ni orúkọ náà: De Rica. Agolo rẹ̀ ńlá, tó ń gba tòmátì 850 gíráàmù, ni àwọn ìyá ń fọ̀ pamọ́ lẹ́yìn tí ohun inú rẹ̀ bá ti wọ ọbẹ̀. Nígbà tó yá, agolo dé ọjà, orúkọ sì bá a lọ. Lónìí, agolo tòmátì mìíràn tó bá ti tó o, dẹ́ríkà náà là ń pè é.

Ohun tó jẹ́ kó rọ́wọ́ mú ni pé ilé iṣẹ́ ló ṣe é, gbogbo rẹ̀ ló dọ́gba. Igbá kì í dọ́gba. Bó bá ṣe so ló ṣe máa rí. Àmọ́ ẹni tó bá ra ìrẹsì lè fi agolo tirẹ̀ tún un wọ̀n nílé. Ẹni tí owó rẹ̀ kò ká kóńgò á ra dẹ́ríkà. Ẹni tí kò ká dẹ́ríkà á ra agolo mílíìkì, tí a sábà máa ń ka mẹ́rin rẹ̀ sí dẹ́ríkà kan.

Kí á má ṣì í mú o: àyè ni dẹ́ríkà ń wọ̀n, kì í ṣe ìwúwo. Dẹ́ríkà ìrẹsì kan tó ga lórí lè tó 800 sí 900 gíráàmù. Gàrí fúyẹ́ jùyẹn lọ dáadáa. Ìdí nìyí tí kò fi tọ̀nà kéèyàn sọ dẹ́ríkà di gíráàmù láì kọ́kọ́ béèrè pé dẹ́ríkà kí ni.

Orí rẹ̀ gan-an ni ọ̀rọ̀ wà. Ọlọ́jà gidi á fi ọwọ́ kan ká ẹnu agolo, á fi èkejì kó ìrẹsì lé e títí yóò fi máa ya sílẹ̀, á wá fi ènì sí i. Ẹlòmíràn á fi àtẹ́lẹwọ́ ré orí rẹ̀ dànù. Èyí tó burú jù ni kí wọ́n lu ìdí agolo kó wú sínú, nítorí tí ìrẹsì bá ti kún un, ojú kò lè rí i mọ́. Kí wọ́n tó bu ẹyọ kan, sọ pé, "Ìyá, ẹ jọ̀ọ́, ẹ jẹ́ kí n rí agolo yín," kí o ki ọwọ́ bọ̀ ọ́, kí o fọwọ́ pa ìdí rẹ̀ yíká.