Òpin Ọ̀sẹ̀ Eré Ìje ní Ìlú Onílùú: Ohun Tó Yẹ Kí Asáré Mọ̀

Àwọn àjọ̀dún eré ìje tí wọ́n máa ń fi òpin ọ̀sẹ̀ kan gbáko ṣe ti wọ́pọ̀ káàkiri àgbáyé báyìí. Lọ́jọ́ Sátidé, wọ́n á sá eré kúkúrú, kìlómítà 5 tàbí 10. Tó bá di ọjọ́ Sọ́ńdè, wọ́n á sá ìdajì máratọ́ọ̀nì, tí í ṣe kìlómítà 21 ó lé díẹ̀, tàbí odindi máratọ́ọ̀nì, tí gígùn rẹ̀ jẹ́ kìlómítà 42.195. Ọ̀pọ̀ asáré ló máa ń forúkọ sílẹ̀ fún ju ẹyọ kan lọ nínú wọn. Ní àjọ̀dún máratọ́ọ̀nì Walt Disney World ní ìpínlẹ̀ Florida lórílẹ̀-èdè Amẹ́ríkà, láti ọdún 2014 ni wọ́n ti fi àyè sílẹ̀ fún ẹni tó bá fẹ́ sá mẹ́rẹ̀ẹ̀rin tẹ̀léra láàárín ọjọ́ mẹ́rin, gbogbo rẹ̀ pa pọ̀ sì lé díẹ̀ ní kìlómítà 78. Iṣẹ́ mi ni láti múra àwọn asáré sílẹ̀ fún irú eré bẹ́ẹ̀, ohun tí mo sì ń rí lemọ́lemọ́ ni pé eré ti sábà máa ń bàjẹ́ kí asáré tó dé ojú ọ̀nà. Ìmúrasílẹ̀ ọ̀pọ̀ oṣù lè ṣòfò láàárín ọjọ́ méjì, nítorí ìdúró, ìrìn kiri, oúnjẹ tí inú kò mọ̀, àti oorun tí kò tó. Nítorí náà, àwọn wákàtí tí asáré kò sáré rárá ni mo fẹ́ sọ̀rọ̀ lé lórí jù.

Ìbéèrè àkọ́kọ́ tí mo máa ń bi ẹni tó forúkọ sílẹ̀ fún eré méjì ni pé: èwo gan-an lẹ bá wá? Ó gbọ́dọ̀ dáhùn kó tó ra tíkẹ́ẹ̀tì ọkọ̀. Eré kan ṣoṣo ni kó jẹ́ olórí, kí èkejì sì máa sìn ín. Nígbà tí a bá sáré kíkankíkan, pàápàá níbi tí ọ̀nà ti dà gẹ̀rẹ́gẹ̀rẹ́ sísàlẹ̀, àwọn fọ́nrán tín-ín-tìn-ìn-tín inú iṣan itan máa ń fara ya, bẹ́ẹ̀ ni ara kì í sọ ọ́ lójú ẹsẹ̀. Ìrora náà máa ń le jù láàárín wákàtí 24 sí 72 lẹ́yìn náà. Ẹni tó bá fi gbogbo agbára sá kìlómítà 10 láàárọ̀ Sátidé lè jẹun alẹ́ tayọ̀tayọ̀, kó máa rò pé kò sí nǹkan kan, àfi ìgbà tó bá ń sọ̀ kalẹ̀ lórí àtẹ̀gùn òtẹ́ẹ̀lì láàárọ̀ Sọ́ńdè, tó wá rí i pé òun ní láti fi ọwọ́ méjèèjì di irin ẹ̀gbẹ́ àtẹ̀gùn mú. Eré tó tìtorí ẹ̀ wá kò tíì bẹ̀rẹ̀, agbára itan rẹ̀ sì ti lọ.

Ọ̀dọ́bìnrin kan tí mo ń tọ́ sọ́nà sọ fún mi pé òun kàn fẹ́ wo bí ara òun ṣe rí nínú kìlómítà 5 ti Sátidé. Mo ní kó fi aago eré rẹ̀, ìyẹn aago ọwọ́ tó ń ka ìyára asáré àti bí ibi tó sá ṣe jìn tó, sílẹ̀ lórí bẹ́ẹ̀dì. Nígbà tí kò ti sí aago, kò sí iye tó ń lé. Ó bá àwọn tó ń tàkúrọ̀sọ lẹ́yìn sá a, ó ya fọ́tò, ó gba mẹ́dàlì rẹ̀, ó sì padà lọ sinmi. Bó ṣe yẹ kí ẹ máa sá a nìyẹn bó bá jẹ́ pé ti Sọ́ńdè ni olórí: kí ẹ lè sọ odindi gbólóhùn kan tán láìmí hẹlẹhẹlẹ. Bó bá sì jẹ́ pé eré kúkúrú lẹ bá wá, ẹ fi gbogbo agbára sá a, kí ẹ wá rọra sá ti Sọ́ńdè tàbí kí ẹ fi í sílẹ̀ pátápátá. Kò sí ìtìjú kankan níbẹ̀.

Oorun ni ìṣòro tí àwọn èèyàn kì í kà sí. Lọ́dún 2016, àwọn onímọ̀ ní yunifásítì Brown ní Amẹ́ríkà tẹ ìwádìí kan jáde tó fi hàn pé lálẹ́ àkọ́kọ́ tí èèyàn bá sùn síbi tí kò mọ̀, apá òsì ọpọlọ kì í sùn wọra tó ti ọ̀tún. Ó máa ń wà lójúfò, ó ń fetí sí ariwo tó bá ṣàjèjì. Ìdí nìyí tí mo fi ń rọ àwọn asáré pé kí wọ́n ti sun alẹ́ méjì, ó kéré tán, nínú yàrá yẹn kí ọjọ́ eré olórí tó mọ́. Ẹ béèrè fún yàrá tó jìnnà sí ẹ̀rọ agbéniròkè àti sí títì, kí ẹ sì mú ohun tí ẹ lè fi dí etí dání. Bí oorun alẹ́ tó ṣáájú eré bá wá fò lójú yín síbẹ̀, ẹ má jẹ́ kí ọkàn yín dà rú, nítorí pé oorun gbogbo ọ̀sẹ̀ yẹn ni ara ń lò, ìdùbúlẹ̀ jẹ́ẹ́jẹ́ nínú òkùnkùn náà sì jẹ́ ìsinmi fún ẹsẹ̀. Ní ti ẹni tó bá rìnrìn àjò lọ síbi tí aago wọn yàtọ̀ sí ti ilé, alẹ́ méjì lè má tó. Ara sábà máa ń gba nǹkan bí ọjọ́ kan fún wákàtí kọ̀ọ̀kan tí aago fi yàtọ̀, lílọ síhà ìlà-oòrùn sì nira ju lílọ síhà ìwọ̀-oòrùn lọ.

Ilé la ti ń kó ẹ̀ṣọ́ ròde. Bàtà eré, aṣọ eré, ìbọ̀sẹ̀ àti oúnjẹ tí ẹ máa jẹ lójú ọ̀nà, inú báàgì tí ẹ máa gbé lọ́wọ́ wọnú ọkọ̀ ni kí gbogbo wọn wà, torí pé ẹrù tí a bá fi ránṣẹ́ sábẹ́ bàálù lè pẹ́ dé, kò sì sí bàtà tuntun tó lè rọ́pò èyí tó ti mọ ẹsẹ̀ yín. Ọ̀pọ̀ pápákọ̀ òfurufú máa ń ka oúnjẹ asáré tó ki bí oyin sí nǹkan olómi, nítorí náà ẹ wo òfin wọn kí ẹ tó gbéra.

Gbígba nọ́ńbà, ìyẹn ìwé tí wọ́n kọ nọ́ńbà asáré sí, tó máa ń so mọ́ ẹ̀wù eré rẹ̀ níwájú, ni mo fẹ́ kí ẹ fi sọ́kàn gan-an. Inú gbọ̀ngàn ńlá tí wọ́n da kọnkéré sí ilẹ̀ rẹ̀ ni wọ́n ti sábà máa ń pín in, àwọn ọlọ́jà á sì ti pàtẹ bàtà àti aṣọ yíká. Asáré á wọlé pé òun ò ní pẹ́, á wá di wákàtí mẹ́ta tó ti ń dúró lórí ilẹ̀ líle, tó ń gbé àpò kiri, tí kò jẹ, tí kò mu. Bí wọ́n bá ń pín nọ́ńbà lọ́jọ́ Fráídè, ẹ lọ gbà á lọ́jọ́ náà, kí ẹ sì jáde. Ọjà náà á ṣì wà níbẹ̀ fún ẹni tí eré tiẹ̀ ti parí. Bí ẹ bá dé yàrá, ẹ wọ ẹ̀wù eré náà sọ́rùn, kí ẹ jókòó, kí ẹ tó fi pín-ìnnì mú igun mẹ́rẹ̀ẹ̀rin nọ́ńbà mọ́ ọn, torí nọ́ńbà tí a bá so nígbà tí ẹ̀wù tẹ́ sílẹ̀ lórí bẹ́ẹ̀dì máa ń fún ikùn bí a bá tẹ̀. Ẹ má ká a, kí ohun kékeré tó wà lẹ́yìn rẹ̀ tó ń ka àkókò má bàa bàjẹ́. Lẹ́yìn ọ̀pọ̀ nọ́ńbà, wọ́n máa ń fi àyè sílẹ̀ fún orúkọ ẹni tí wọ́n lè pè, àìsàn tí asáré ní, àti oògùn tó ń lò. Mo ti rí ọ̀pọ̀ tó ṣófo. Ẹ jọ̀wọ́, ẹ kọ ọ́. Nílùú tí kò ti sí ẹnì kan tó mọ̀ yín, bí ẹ bá ṣubú, ìwé yẹn nìkan ló lè bá yín sọ̀rọ̀.

Ní ti oúnjẹ, tí eré yín bá máa ju ìṣẹ́jú 90 lọ, àmọ̀ràn àwọn onímọ̀ oúnjẹ eré ìdárayá ni pé kí asáré máa jẹ gíráàmù 10 sí 12 èròjà afáralókun (carbohydrate), irú èyí tó wà nínú ìrẹsì àti búrẹ́dì, fún kìlógíráàmù kọ̀ọ̀kan ìwọ̀n ara rẹ̀ lójúmọ́, láàárín wákàtí 36 sí 48 tó ṣáájú eré. Fún ẹni tó wọn kìlógíráàmù 60, ó kéré tán gíráàmù 600 nìyẹn, ó sì pọ̀ gan-an. Kò ṣeé kó sínú oúnjẹ alẹ́ kan ṣoṣo, bí ọ̀pọ̀ èèyàn ṣe máa ń gbìyànjú lálẹ́ Sátidé, tí ikùn wọn á sì máa kùn títí ilẹ̀ á fi mọ́. Láti Fráídè ni kí ẹ ti bẹ̀rẹ̀, ní díẹ̀díẹ̀, pẹ̀lú irú oúnjẹ tí ẹ ti jẹ rí kí ẹ tó sáré jíjìn nílé. Kí ẹ dín ohun tó ní ọ̀rá, ata àti èèpo kù. Inú iṣan àti ẹ̀dọ̀ ni ara ń tọ́jú agbára yìí sí ní irú ohun tí wọ́n ń pè ní glycogen, gíráàmù kọ̀ọ̀kan rẹ̀ sì máa ń di nǹkan bíi gíráàmù 3 omi mọ́ra. Bí ara bá wúwo sí i níwọ̀nba, omi ni, ọ̀rá kọ́. Ẹni tó bá sá eré ní Sátidé gbọ́dọ̀ jẹun kété tó bá sá a tán, kí àyè tó ṣófo nínú iṣan lè tètè kún padà kó tó di Sọ́ńdè.

Kí alẹ́ tó lẹ́, ẹ wádìí ibi tí eré ti máa bẹ̀rẹ̀ àti bí ẹ ṣe máa débẹ̀, nítorí àwọn ọ̀nà kan máa ń ti pa fún ọkọ̀ kí ilẹ̀ tó mọ́. Àwọn eré kan sì wà tí ibi ìbẹ̀rẹ̀ àti ibi ìparí wọn jìnnà síra. Ní Amẹ́ríkà, ìlú Hopkinton ni máratọ́ọ̀nì Boston ti ń bẹ̀rẹ̀, ìlú Boston ló sì ń parí sí. Bọ́ọ̀sì ló ń kó àwọn asáré lọ síbẹ̀, wọ́n sì máa ń dúró pẹ́ kí ó tó kàn wọ́n. Fún irú ìdúró bẹ́ẹ̀, ẹ wọ aṣọ àtijọ́ lé ti eré, kí ẹ sì mú ohun tí ẹ lè fi jókòó sílẹ̀. Ẹ jẹun àárọ̀ ní nǹkan bíi wákàtí mẹ́ta ṣáájú eré. Ẹ to sórí ìlà ilé ìgbọ̀nsẹ̀ kété tí ẹ bá débẹ̀, kódà bí ìgbẹ́ tàbí ìtọ̀ kò bá tíì gbọ̀n yín. Ní kìlómítà 5 àkọ́kọ́, ẹ jẹ́ kí àwọn èèyàn máa kọjá yín.

Ọ̀rọ̀ kan nípa aago eré, torí ó máa ń kó ìbànújẹ́ bá àwọn tí kò mọ̀. Ojú ibi tó kúrú jù tí èèyàn lè gbà ni wọ́n ti ń wọn ọ̀nà eré, wọ́n sì máa ń fi ìdá kan nínú ẹgbẹ̀rún kún un, ìyẹn nǹkan bíi mítà 42 nínú máratọ́ọ̀nì, kí ó má bàa kù. Nítorí náà, bí aago yín bá ka ju kìlómítà 42.195 lọ, wọn kò rẹ́ yín jẹ. Àfikún ọ̀nà tí ẹ sá ní gbogbo kọ́nà tí ẹ kò ti gba ibi tó kúrú jù ló kó ara wọn jọ.

Omi mímu ni ibi tí ìmọ̀ràn rere ti lè di ewu. Lẹ́yìn máratọ́ọ̀nì Boston ti ọdún 2002, wọ́n yẹ ẹ̀jẹ̀ asáré 488 wò níbi ìparí. Ìwádìí náà, tó jáde lọ́dún 2005, fi hàn pé ìdá 13 nínú ọgọ́rùn-ún wọn ni iyọ̀ inú ẹ̀jẹ̀ wọn ti lọ sílẹ̀ jù. Ohun tó sì bá a rìn ni pé wọ́n mu omi ju lítà 3 lọ, pé ìwọ̀n ara wọn ga sí i nígbà tí wọ́n fi máa parí, àti pé ó gbà wọ́n ju wákàtí mẹ́rin lọ. Àwọn tó ń rọra sá ló wà nínú ewu yìí jù, torí pé àwọn ló ń ráyè dúró ní gbogbo ibi tí wọ́n ti ń pín omi. Òùngbẹ ni kí ẹ tẹ̀ lé. Bí òrùka bá bẹ̀rẹ̀ sí í fún ìka, tí orí ń fọ́, tí èébì ń gbé yín, tí ọ̀rọ̀ sì ń dà rú mọ́ yín lẹ́nu, ẹ dáwọ́ omi dúró, kí ẹ lọ bá àwọn oníṣègùn tó wà lójú ọ̀nà. Bákan náà, ẹ má lo oògùn ìrora bíi ibuprofen kí ẹ tó sáré tàbí nígbà tí ẹ ń sáré, nítorí ó lè pa kíndìnrín lára nígbà tí omi ara bá ń lọ sílẹ̀.

Tí ẹ bá ti kọjá ibi ìparí, ẹ má ṣe dúró gbagidi, kí ẹ má sì jókòó lójijì. Ẹ máa rìn díẹ̀díẹ̀ kí ẹ̀jẹ̀ lè máa padà gòkè láti ẹsẹ̀. Ẹ bọ́ aṣọ tó tutù, kí ẹ jẹun. Ìrìn àjò padà sílé ló kù, èyí tí ọ̀pọ̀ èèyàn máa ń ṣe ní ìrọ̀lẹ́ ọjọ́ náà gan-an nítorí iṣẹ́ ọjọ́ Mọ́ńdè. Bí ẹ bá lè ṣe é, ẹ sún un di ọjọ́ kejì. Jíjókòó sójú kan fún ju wákàtí mẹ́rin lọ nínú ọkọ̀ tàbí bàálù máa ń mú kí ẹ̀jẹ̀ lè dì nínú iṣan ẹsẹ̀, omi ara tó ti gbẹ àti iṣan tó ti fara gbọgbẹ́ kò sì ní mú un dín kù. Ẹ máa dìde rìn lóòrèkóòrè, kí ẹ máa na ọrùn ẹsẹ̀ síwá sẹ́yìn nígbà tí ẹ bá jókòó. Ìrora eré sábà máa ń wà ní ẹsẹ̀ méjèèjì, ó sì ń dín kù lójoojúmọ́. Bó bá jẹ́ ẹ̀yìn ẹsẹ̀ kan ṣoṣo ló wú, tó gbóná, tó ń dunni sí i, tàbí tí mímí bá ṣòro lójijì, ọjọ́ náà gan-an ni kí ẹ lọ sílé ìwòsàn, kí ẹ sì sọ fún dókítà pé ẹ sáré, ẹ sì tún jókòó pẹ́ nínú ọkọ̀, kó má bàa ka gbogbo rẹ̀ sí ìrora eré lásán.